Omidan Eleanor Rathbone: Obìnrin Tí Ìbéèrè Rẹ̀ Kò Tán

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ẹni tó bá ń béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Obìnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ nínú ìwé wa ti ìgbà yìí, ìbéèrè ni iṣẹ́ tó ṣe títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Kì í ṣe ìbéèrè olófòófó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìbéèrè ẹni tó ń wá ìjà kiri. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń bi léèrè, ní gbangba, nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin wọn ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù.

Àwọn kan wà nínú àwọn ìyá ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí, tí wọ́n sì bímọ síbẹ̀. Wọn yóò rántí pé owó kan wà tí ìjọba ń san nítorí ọmọ, tí ìyá máa ń mú ìwé rẹ̀ lọ gbà ní pósófíìsì. Ìyá ni wọ́n ka owó náà sí, kì í ṣe baba. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àánú ìjọba ló mú un wá. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Obìnrin kan ló dúró tì í fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kó tó di òfin. Kò lọ́kọ, kò sì bímọ. Orúkọ rẹ̀ ni Eleanor Florence Rathbone.

Ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 1872 ni wọ́n bí i ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n Liverpool ni ilé baba rẹ̀ wà. Ìdílé ọlọ́rọ̀ ni, ìdílé oníṣòwò. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn mọ̀ pé àwọn ọkọ̀ ojú omi Liverpool wà lára àwọn tó kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú jù lọ kọjá òkun, owó ẹrú sì wà lára ohun tó sọ ìlú náà di ńlá. Nínú ìlú yẹn gan-an, baba bàbá-àgbà Eleanor, tí òun náà ń jẹ́ William Rathbone, wà lára àwọn oníṣòwò díẹ̀ tó dìde lòdì sí òwò ẹrú, nígbà tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ba ọjà ènìyàn jẹ́. Baba tó bí Eleanor lọ́mọ pẹ̀lú jẹ́ aṣòfin. Òun ló bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Liverpool, pẹ̀lú ìmọ̀ràn Florence Nightingale, tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń lọ tọ́jú àwọn tálákà nínú ilé wọn. Ẹni bí ni là á jọ.

Ní ọdún 1893 Eleanor wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Somerville ní Oxford. Ọdún mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Ó kàwé, ó ṣe ìdánwò, ṣùgbọ́n Oxford kì í fi oyè dá obìnrin lọ́lá nígbà náà. Ọdún 1920 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn obìnrin ní oyè. Omidan Rathbone kò jókòó sílé baba rẹ̀ máa jẹ owó. Ó padà sí Liverpool, ó bẹ̀rẹ̀ sí wọ ilé àwọn tálákà láti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé.

Ohun tó rí kò fi í lọ́kàn balẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, òòjọ́ ni wọ́n ń gbà. Bí ọkọ̀ bá wọlé lónìí, wọn a rí iṣẹ́. Bí ọkọ̀ kò bá wọlé lọ́la, wọn a padà sílé lọ́wọ́ òfo. Iye kan náà ni wọ́n ń san fún ọkùnrin tí kò láya àti fún ọkùnrin tó ní ọmọ mẹ́fà nílé. Ìyá ló ń pín ìyà náà jẹ. Òun ló ń fi díẹ̀ bọ́ ọ̀pọ̀, òun ló sì ń jẹun kẹ́yìn. Nígbà tí Omidan Rathbone wo ọ̀rọ̀ àwọn opó, ó rí i pé tiwọn tún burú jù. Ó ṣe ìwádìí lórí àwọn opó Liverpool àti bí ìjọba ṣe ń ràn wọ́n lọ́wọ́, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1913. Ẹ kíyè sí i: kí ó tó sọ̀rọ̀, ó máa ń lọ wò ó, ó máa ń kà á, ó sì máa ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ọdún 1909 ni wọ́n dìbò yàn án sí Ìgbìmọ̀ Ìlú Liverpool. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò jókòó níbẹ̀, ó sì lò ju ogún ọdún lọ lórí àga náà. Kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Ẹ má gbàgbé pé ní ọdún 1909 yìí, obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tíì lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò yan aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó di ọdún 1918 kí wọ́n tó fún àwọn tó ti pé ọgbọ̀n ọdún láàyè, pẹ̀lú àwọn àlàyé mìíràn, ó sì di ọdún 1928 kí ẹ̀tọ́ ọkùnrin àti ti obìnrin tó dọ́gba. Omidan Rathbone wà lára àwọn tó jà fún un.

Ogun ọdún 1914 ló la ojú rẹ̀ sí ohun tí yóò fi gbogbo ìyókù ayé rẹ̀ lé. Nígbà tí àwọn ọkọ lọ sójú ogun, ìjọba ń san owó fún àwọn ìyàwó tí wọ́n fi sílẹ̀, iye ọmọ tí ìyá bá sì ní ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Omidan Rathbone wà lára àwọn tó ń bójú tó ètò náà ní Liverpool. Ó rí i pé bí ọkọ kò tilẹ̀ sí nílé, àwọn ọmọ ń jẹun déédéé, nítorí pé owó ń bọ́ sọ́wọ́ ìyá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó wá bi ara rẹ̀ pé: bí èyí bá ṣeé ṣe nígbà ogun, kí ló dé tí kò fi ṣeé ṣe nígbà àlàáfíà?

Ní ọdún 1917 òun àti àwọn mìíràn dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1919 ó gba ipò ààrẹ lọ́wọ́ Millicent Fawcett nínú ẹgbẹ́ ńlá tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin. Ní ọdún 1924 ó tẹ ìwé rẹ̀, The Disinherited Family, jáde. Nínú ìwé náà ó ṣàlàyé pé ìyá tó ń tọ́ ọmọ ń ṣiṣẹ́ fún orílẹ̀-èdè, ó sì yẹ kí orílẹ̀-èdè mọ̀ ọ́n. Àtakò pọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ìjọba ní owó náà yóò pọ̀ jù. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń bẹ̀rù pé bí ìjọba bá ń san owó ọmọ, àwọn ọ̀gá iṣẹ́ yóò dín owó oṣù kù. Àwọn kan ní yóò ba ọlá baba jẹ́ nínú ilé. Omidan Rathbone kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ó ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

Ó ti kọ́kọ́ du ipò aṣòfin ní ọdún 1922, kò wọlé. Ní ọdún 1929 ó tún jáde, àwọn tó kàwé gboyè ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mélòó kan sì yàn án láti ṣojú wọn. Àwọn aṣòfin 615 ló wà nílé náà. 14 péré ni obìnrin nínú wọn. Ó wọlé láìní ẹgbẹ́ òṣèlú. Èyí túmọ̀ sí pé kò ní ọ̀gá tí yóò sọ fún un pé kí ó dákẹ́. Ó tún túmọ̀ sí pé kò ní ẹgbẹ́ tí yóò gbè é bí ilẹ̀ bá mì.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé náà. Aṣòfin lè kọ ìbéèrè ránṣẹ́ sí mínísítà ṣáájú. Bí ọjọ́ bá pé, mínísítà gbọ́dọ̀ dìde kó dá a lóhùn lójú gbogbo ilé, wọn a sì kọ ìdáhùn náà sínú ìwé. Lẹ́yìn náà, aṣòfin lè tún béèrè lórí ìdáhùn yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ̀n ọ̀rọ̀ nù, ibẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ ti ń tú. Omidan Rathbone mọ ọ̀nà yìí ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin ibẹ̀ lọ. Wọ́n máa ń rí i tó ń gbé àpò wúwo tó kún fún ìwé ìjọba kiri nínú ilé náà, àwọn igbákejì mínísítà a sì máa bẹ̀rù ìpàdé rẹ̀ lọ́nà, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò ní í ṣàìní ìbéèrè lẹ́nu. Kì í pariwo, kì í bú ènìyàn. Iye àti ọjọ́ ló fi ń jà.

Ọ̀rọ̀ àwọn opó kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Nígbà náà, ọkọ lè kọ ìwé ìpíngún kí ó fi gbogbo ohun ìní rẹ̀ fún ẹlòmíràn, kí ìyàwó àti ọmọ má rí nǹkan kan. Àwa tí a ti rí opó tí wọ́n lé jáde nínú ilé tó bá ọkọ rẹ̀ kọ́ mọ bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń dun ni. Omidan Rathbone wà ní iwájú nínú àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ náà wá sílé ní ọdún 1931. Kò yọrí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọdún 1938 ni òfin tó fún opó àti ọmọ láyè láti lọ bẹ ilé ẹjọ́ tó jáde.

A kò ní í fi àṣìṣe rẹ̀ pamọ́. Ó ń dùn ún pé wọ́n ń fi ọmọdébìnrin fọ́kọ ní Íńdíà, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ní ọdún 1929 ó pe àpérò kan ní Lọ́ńdọ̀nù lórí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin Íńdíà. Àwọn obìnrin Íńdíà tó wà níbẹ̀ dìde, wọ́n sì jẹ́ kó yé e pé ẹnu àwọn kò di, àwọn lè sọ tẹnu àwọn fúnra àwọn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ní ọdún 1932 ó wọ ọkọ̀ lọ sí Íńdíà láti fojú ara rẹ̀ rí i, ó sì bá àwọn obìnrin ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí ilé ń jíròrò òfin tuntun fún Íńdíà, èyí tó jáde ní ọdún 1935, ó jà kí àwọn obìnrin ibẹ̀ púpọ̀ sí i lè dìbò. Bí àṣìṣe rẹ̀ kò tilẹ̀ kéré, ó gba ìbáwí.

Nígbà tí Hitler gba ìjọba ní Jámánì ní ọdún 1933, ọ̀pọ̀ àwọn àgbààgbà òṣèlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò rọlẹ̀. Nínú oṣù Kẹrin ọdún náà gan-an, Omidan Rathbone ti dìde nílé láti kìlọ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Nígbà tí Ítálì gbógun ti Etiópíà ní ọdún 1935, ó bi ìjọba rẹ̀ léèrè ìdí tí wọ́n fi fẹ́ bá ẹni tó fipá wọ ilẹ̀ onílẹ̀ pín in. Ní ọdún 1937 òun àti obìnrin mẹ́ta mìíràn lọ sí ilẹ̀ Sípéènì níbi tí ogun abẹ́lé ti ń jà, láti wo ìyà tó ń jẹ àwọn ìyá àti ọmọ.

Ní ìparí ọdún 1938, ó kó àwọn aṣòfin láti oríṣiríṣi ẹgbẹ́ jọ sínú ìgbìmọ̀ kan nítorí àwọn tó ń sá àsálà kúrò lábẹ́ Hitler. Òun ni akọ̀wé. Lẹ́tà ń wọlé tọ̀ ọ́ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí kò mọ̀ rí: ẹni tó ń wá ìyá rẹ̀, ẹni tó ń wá ìwé àṣẹ ìwọ̀lú fún ọmọ rẹ̀. Ní ọdún 1940, nígbà tí ẹ̀rù ogun ba ìjọba, wọ́n kó nǹkan bí 27,000 àlejò sí àgọ́ àtìmọ́lé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, Hitler ni wọ́n sá fún. Omidan Rathbone lọ sí àgọ́ Huyton lẹ́bàá Liverpool, ó bá wọn sọ̀rọ̀, ó sì padà sílé aṣòfin pẹ̀lú ìbéèrè lórí ìbéèrè: ta ni dókítà tó ń tọ́jú wọn? Kí ló dé tí lẹ́tà wọn ń pẹ́? Ta ni yóò dá wọn sílẹ̀, ìgbà wo sì ni? Kò pẹ́ tí ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ sí dá wọn sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, níkọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ìbéèrè ń so èso. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1942, ìjọba kà á jáde nílé pé Jámánì ń pa àwọn Júù run. Gbogbo ilé dìde dúró, wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́. Omidan Rathbone mọ̀ pé ìdìdedúró nìkan kò lè gba ẹnikẹ́ni là. Ó béèrè pé kí wọ́n fún àwọn tó bá lè sá jáde ní ìwé àṣẹ ìwọ̀lú. Ó béèrè pé kí wọ́n ṣèlérí fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò sí nínú ogun pé wọn kò ní í dá gbé ẹrù àwọn asásálà, kí wọ́n lè ṣílẹ̀kùn. Herbert Morrison, mínísítà tí ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbà fún un nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀. Ó tún padà wá. Wọ́n tún kọ̀. Ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ló rí ọ̀nà là. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún títí ó fi kú. Síbẹ̀, nítorí rẹ̀, kò sí mínísítà tó lè sọ lẹ́yìn ogun pé ẹnikẹ́ni kò bi òun.

Ní ọdún 1942 kan náà ni ọ̀rọ̀ owó ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí yọjú. Sir William Beveridge, ẹni tí ìwé Omidan Rathbone ti yí lọ́kàn padà láti ọdún 1924, gbé àbá ńlá kan jáde lórí bí ìjọba yóò ṣe gba aráàlú lọ́wọ́ ìṣẹ́, owó ọmọ sì wà níbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti fara mọ́ ọn. Beveridge ní ṣílè mẹ́jọ ló yẹ fún ọmọ kan lọ́sẹ̀. Nígbà tí ìjọba gbé àbá òfin tirẹ̀ wá sílé ní ọdún 1945, ṣílè márùn-ún ni wọ́n kọ, láti orí ọmọ kejì lọ. Omidan Rathbone ì bá fara mọ́ èyí. Ohun kékeré sàn ju òfo lọ. Ṣùgbọ́n ó ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sì rí gbólóhùn kan níbẹ̀. Baba ni òfin ka owó náà sí.

Ẹ ro ó wò, ẹ̀yin ìyá. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó ti ń lé nǹkan kan láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, nǹkan náà wá dé iwájú rẹ̀. Ó lè dákẹ́ kó gbà á. Kò dákẹ́. Nínú oṣù Kẹta ọdún 1945 ó dìde, ó sì sọ fún ilé pé bí wọn kò bá yí i padà sí ọwọ́ ìyá, òun fúnra òun yóò dìbò lòdì sí òfin tí òun ti fi ayé òun wá. Ó ní àtakò sí ìyá nínú òfin yìí jẹ́ ìwọ̀sí sí gbogbo obìnrin tó ń tọ́ ọmọ. Àwọn obìnrin aṣòfin àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin káàkiri ìlú dìde pẹ̀lú rẹ̀. Ìjọba gbà kí àwọn aṣòfin dìbò bí ọkàn wọn bá ṣe rí, ilé sì yí i padà. Ìyá ni òfin ka owó náà sí. Nínú oṣù Kẹfà ọdún 1945 ni ọba fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ 2 oṣù Kínní ọdún 1946 ni Omidan Rathbone kú lójijì, lẹ́ni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn ni àwọn ìyá kọ́kọ́ tò sí pósófíìsì láti gba ṣílè márùn-ún wọn. Kò sí níbẹ̀ láti rí i. Ní ọdún 1977, wọ́n fi ètò mìíràn rọ́pò rẹ̀, èyí tó ka ọmọ àkọ́bí náà mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n ń ṣe èyí pẹ̀lú, ọwọ́ ìyá ni wọ́n tún ní kí owó náà bọ́ sí.

Ẹ̀yin arábìnrin, kí ni a rí kọ́? Nígbà tí wọ́n bá ní ìjọba ìbílẹ̀ ti fún wa ní omi tàbí oògùn tàbí owó fún àwọn obìnrin ọjà, ẹ má jẹ́ kí a kàn pàtẹ́wọ́ ká padà sílé. Ẹ jẹ́ kí a béèrè iye rẹ̀, kí a béèrè ọjọ́ tí yóò dé, kí a sì béèrè ọwọ́ ta ni yóò bọ́ sí. Kí a kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí a sì padà lọ wò ó bóyá òótọ́ ni. Bí wọn kò bá dá wa lóhùn lónìí, kí a tún lọ lọ́la. Omidan Rathbone kò bí ọmọ kankan, ṣùgbọ́n àìmọye ọmọ ló jẹun nítorí pé kò dákẹ́ ìbéèrè. Ó dìgbà kan ná.